Ọ̀gá ní òun ń sọ, akẹ́kọ̀ọ́ ní òun ò gbọ́

Ọmọ mi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà l'Ékòó níbí. Ó ní ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ń pariwo mọ́ àwọn ní wọ́ọ̀dù, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó sọ fún òun bí òun ṣe ń ṣe sí. Ṣé kì í parọ́ fún mi?

Kì í parọ́. Èmi náà ń kọ́ wọn, mo sì ti wà níbi tí ọ̀gá ti ń búra pé òun ń bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ láràárọ̀, tí àwọn ọmọ ń wo ara wọn lójú. Ohun tí wọ́n ń pè ní feedback kì í ṣe ariwo, kì í sì í ṣe máàkì. Lọ́dún 1983, dókítà kan ní Amẹ́ríkà, Jack Ende, ya méjèèjì sọ́tọ̀ nínú JAMA, ìwé àtìgbàdégbà àwọn oníṣègùn: máàkì ń dájọ́ ohun tó ti parí, feedback ń sọ ohun tí a fojú rí, kí ọmọ lè tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ẹ wo kọ́ńdọ́ ní Ojúẹlẹ́gbá nígbà tí dánfó bá ń fẹ̀yìn rìn. "Ó ń wọlé! Ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀! Dúró!" Kò yin dírẹ́bà, kò sì bú u (èébú di ìgbà tí wọ́n bá kọlu jíìpù ẹlòmíràn). Ohun tí dírẹ́bà ò lè rí ló ń sọ fún un, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí sítíárì.

Kí ni kí ọ̀gá sọ nígbà náà?

Ká ní ọmọ ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ìyá àgbà kan, ó wé báǹdì lé orí bùbá, apá ìyá sì ń rọ̀ dirodiro. Ọ̀gá kan á ní: "O ò lè di dókítà láé." Èkejì á ní: "O gbìyànjú." Àwọn méjèèjì ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ni ẹni tó ní: "O ṣàlàyé fún màmá kí o tó fọwọ́ kàn wọ́n, ara wọn balẹ̀. Ṣùgbọ́n báǹdì wà lórí aṣọ. Ká apá bùbá sókè. Apá tó rọ̀ sísàlẹ̀ ń jẹ́ kí ìwọ̀n náà ga ju bó ti yẹ lọ. Gbé e sórí tábìlì kó ṣe déédéé àyà wọn, kí o tún un wọ̀n níṣojú mi."

Kò gba ìṣẹ́jú méjì. Ibi tó ti le ni pé ọ̀gá ní láti dúró wò ó. Ọ̀pọ̀ wa kì í wò ó. Èrò ti kún ìta, a ò rí ọwọ́ ọmọ níbi tó ti ń ṣe é. Ohun tó kọ sínú fáìlì nìkan là ń kà, a wá ń pariwo lé e lórí.

Ṣé ìyìn ò lè ràn án lọ́wọ́? Ṣebí wọ́n ní ká fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ká fọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra.

Lọ́dún 1996, àwọn olùwádìí méjì, Kluger àti DeNisi, kó ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí feedback jọ. Nínú ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ńṣe ni iṣẹ́ ẹni tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ burú sí i. Wọ́n ní ewu wà níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí iṣẹ́, tó bọ́ sórí ẹni náà fúnra rẹ̀. "Ọlọ́pọlọ pípé ni ẹ́" àti "olódo ni ẹ́", inú àpò kan náà ni wọ́n ti ń jáde. Ẹ fà á mọ́ra, ó dáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ sọ ohun tó ṣe.

Níwájú aláìsàn ńkọ́?

Bí ọmọ bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn sí aláìsàn lára, ẹ dá a dúró lójú ẹsẹ̀, ẹni yòówù kó wà níbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ẹ pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá tó ń pè é ní "dókítà mi" lè má jẹ́ kó fọwọ́ kan òun mọ́.

Bó bá bi ọ̀gá léèrè, ṣé wọn ò ní ní kò mọ àgbà?

Kó béèrè ṣáájú: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi wo ọwọ́ mi bí mo bá ń gba ẹ̀jẹ̀ màmá yìí, iṣan máa ń yẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́." Mi ò tíì rí àgbà tó bínú sí "ẹ bá mi wò ó". Kí àwa ọ̀gá náà sì yé béèrè "Ṣé ó yé ẹ?" nítorí "Ó yé mi, sà" ni wọ́n máa dáhùn. Èmi a máa na apá mi sí wọn, ma ní kí wọ́n wọn tèmi.