Kọ̀ǹpútà Wo Ló Lè Gba Windows XP Lóde Òní? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Àwọn Oníṣẹ́ Mónógíráàmù

Ìyá kan tó ń fi ẹ̀rọ mónógíráàmù ṣe iṣẹ́ ọnà sí ọrùn agbádá àti bùbá ní ìtòsí ọjà Ìtọ́kú, ní Abẹ́òkúta, ló kọ ìbéèrè àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi. Bí a ti ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ ni àwọn ìbéèrè yòókù ń yọjú, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀, díẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Mo kó wọn jọ síbí nítorí pé owó tí àwọn èèyàn ń ná sórí kọ̀ǹpútà tí kò ní wúlò fún wọn ń dùn mí.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ mónógíráàmù mi ti kú. Windows XP ló wà lórí rẹ̀, orí XP náà sì nìkan ni ètò tí mo fi ń ya iṣẹ́ ọnà ti ń ṣiṣẹ́. Mo ra laptop tuntun, ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó fẹ́ bá mi gbé XP sórí rẹ̀ gbìyànjú títí, ojú búlúù ló ń yọ. Báwo ni kọ̀ǹpútà tó lágbára ju ti àtijọ́ lọ kò ṣe ní lè ṣe ohun tí ti àtijọ́ ń ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àmúmọ́ra, mà. Agbára kọ́ ni laptop yín kò ní. Ògbufọ̀ ni kò ní. Windows kì í bá àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ tààrà: láàárín òun àti hard disk, láàárín òun àti ojú kọ̀ǹpútà, láàárín òun àti ihò tí a ń ki okùn bọ̀, ètò kékeré kan wà tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọ̀kan fún èkejì, èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní driver. Ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀yà kan ló sábà máa ń kọ driver rẹ̀, Windows tó bá sì wà lóde lásìkò náà ni wọ́n máa ń kọ ọ́ fún. Ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2001 ni Microsoft gbé XP jáde, ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2014 ni wọ́n sì ṣíwọ́ títọ́jú rẹ̀. Bí ọjọ́ náà ti ń súnmọ́ ni àwọn tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń dẹ́kun kíkọ driver fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé ẹ̀yà tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn, bó ti wù kó yára tó, dà bí àlejò tó wọ ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti gbọ́ èdè rẹ̀.

Ojú búlúù tí ẹ rí ní ìtumọ̀ pàtó. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà 0x0000007B níbẹ̀, ohun tí XP ń sọ ni pé òun kò rí hard disk tí òun fẹ́ gbéra láti orí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe XP, ìlànà IDE ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń bá hard disk sọ̀rọ̀. Ìlànà AHCI tí àwọn hard disk SATA ń lò dé lẹ́yìn rẹ̀, driver rẹ̀ kò sì sí nínú CD tí a fi ń gbé XP sórí kọ̀ǹpútà. Lórí àwọn kọ̀ǹpútà tí ọjọ́ orí wọn bá XP mu, ẹ lè wọ inú BIOS, ètò tó kọ́kọ́ máa ń jí nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, kí ẹ yí SATA padà sí IDE, wàhálà á sì parí. Laptop tuntun kò fún yín láyè bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tilẹ̀ ní BIOS ayé àtijọ́ mọ́, UEFI tó rọ́pò rẹ̀ nìkan ni wọ́n mọ̀, XP alábíìtì 32 kò sì lè gbéra lórí UEFI rárá. Ẹ má ṣe dá ọmọkùnrin náà lẹ́bi. Ẹ fi laptop náà ṣe ìwé ìṣirò àti iṣẹ́ ọ́fíìsì, nítorí pé ibi tó wúlò fún yín nìyẹn.

Ìbéèrè: Kọ̀ǹpútà wo ni kí n wá rà nígbà náà?

Ìdáhùn: Kí ẹ tó ronú nípa kọ̀ǹpútà, ẹ kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn èyí tó kú wò, kí ẹ sì wo ohun tó so mọ́ ọn. Ibí yìí ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti kó sí gbèsè, nítorí pé orúkọ Windows ni wọ́n gbé lọ sọ́jà, wọn kò gbé ọ̀rọ̀ okùn lọ.

Ọ̀pọ̀ ètò mónógíráàmù àtijọ́ ní kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tí a ń ki bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, tí a ń pè ní dongle. Bí kò bá sí níbẹ̀, ètò náà kò ní ṣí. Bí ti yín bá ń wọ ihò USB, ìrọ̀rùn ni. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èyí tó fẹ̀, tó ní eyín 25, tó ń wọ ihò tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ń lò, ihò tí a ń pè ní parallel, nígbà náà ihò yẹn ló gbọ́dọ̀ yan kọ̀ǹpútà fún yín. Àwọn ontàjà yóò sọ fún yín pé okùn kan wà tó ń sọ USB di parallel. Lóòótọ́ ló wà, ṣùgbọ́n fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n ṣe é: ó mọ bí a ti ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò mọ bí a ti ń jẹ́ kí ètò fọwọ́ kan eyín ihò náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí dongle ti ń fẹ́. Káàdì tí a ń fi sínú kọ̀ǹpútà láti fún un ní ihò parallel sàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n òun náà ní àléébù tirẹ̀. Àdírẹ́sì 378 ni ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ ti ń wá ihò parallel, bí ìgbà tí èèyàn bá ń lọ sí ilé tí wọ́n ti júwe fún un láti ọjọ́ pípẹ́; káàdì tuntun tó ń wọ ihò PCI Express inú kọ̀ǹpútà sábà máa ń gba àdírẹ́sì mìíràn, ètò náà á sì kan ilẹ̀kùn títí láìrí ẹni dá a lóhùn. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ihò parallel ti wà lára mọ́dàbọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, pátákó ńlá tí àwọn ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, láti ilé iṣẹ́ tó ti wá.

Ihò serial, èyí tó ní eyín 9, tí àwọn ẹ̀rọ kan ń gbà gbé iṣẹ́ ọnà láti inú kọ̀ǹpútà, kò le tó bẹ́ẹ̀. Okùn tó ń sọ USB di serial máa ń ṣiṣẹ́ fún un, bí driver rẹ̀ bá ti wà fún XP, tí ẹ sì yí nọ́ńbà rẹ̀ sí ọ̀kan nínú COM1 títí dé COM4 nínú Device Manager, ibi tí Windows ti ń to àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ètò àtijọ́ kì í wò kọjá ibẹ̀. Síbẹ̀, bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tó ní serial tirẹ̀, òun ni kí ẹ mú.

Nípa ọjọ́ orí, kọ̀ǹpútà orí tábìlì (desktop) tó ní Core 2 Duo, ọpọlọ kọ̀ǹpútà (processor) tí Intel ṣe, irú èyí tó jáde láàárín ọdún 2006 sí 2009, ni mo gbà pé ó dára jù lọ fún iṣẹ́ yín. Àwọn bíi Dell OptiPlex 755 àti 780 tàbí HP Compaq dc7800 wọ́pọ̀ láàárín àwọn tòkunbọ̀ tó ti ọ́fíìsì òkèèrè wá, driver XP wọn pé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní ihò parallel àti serial lẹ́yìn. Mo sọ pé ọ̀pọ̀, n kò sọ pé gbogbo wọn, nítorí pé àwọn tó kéré jù nínú irú kan náà lè má ní in. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tuntun díẹ̀ sí i, ìran kẹta Core i3, i5 àti i7 tó jáde ní ọdún 2012 ni òpin: Intel kò ṣe driver XP fún àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ti ìran kẹrin. Kódà lórí ìran kẹta náà, ihò USB aláwọ̀ búlúù kò ní driver XP láti ọ̀dọ̀ Intel, nítorí náà ihò dúdú ni kí ẹ máa lò.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù pé driver rẹ̀ wà? Èmi kì í ṣe oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà.

Ìdáhùn: Ẹ wo ara àpótí rẹ̀. Bí ẹ bá rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn tí wọ́n kọ Windows XP tàbí Windows Vista sí, ìgbà tó yẹ ló ti wá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi fóònù yín wá orúkọ àti nọ́ńbà kọ̀ǹpútà náà lórí ojú ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é, níbi tí wọ́n ń kó driver sí, kí ẹ sì wò ó bóyá XP wà lára àwọn Windows tí wọ́n kọ síbẹ̀. Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ontàjà tó bá ń kánjú yín kí ẹ má lè wò ó, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ìbéèrè: RAM àti hard disk ńkọ́? Ṣé kí n fi owó kún un kó lè pọ̀?

Ìdáhùn: Rárá. XP alábíìtì 32 kò lè ka RAM kọjá GB 4, nínú rẹ̀ náà, GB 3 àti díẹ̀ ni yóò rí lò. GB 2 tó fún mónógíráàmù. Hard disk kò gbọdọ̀ kọjá TB 2, XP tí wọn kò sì tíì fi Service Pack 1, àkójọ àtúnṣe àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ Microsoft, kún kì í rí kọjá GB 137, nítorí náà Service Pack 3 ti ọdún 2008 ni kí wọ́n gbé sórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lo SSD, irú disk tuntun tí kò ní ohun tó ń yí nínú, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ yín fi Windows 7 pín in kí XP tó wọ̀ ọ́, nítorí pé ibi tí XP fúnra rẹ̀ ti máa ń bẹ̀rẹ̀ ìpín kò bá bí wọ́n ṣe to inú SSD mu, iṣẹ́ á sì máa falẹ̀.

Ìbéèrè: Tòkunbọ̀ ti pẹ́. Kí ló máa ń ṣe wọ́n?

Ìdáhùn: Kàpásítọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àwọn àgbá kéékèèké tó dúró lórí mọ́dàbọ́ọ̀dù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí, ọ̀pọ̀ kàpásítọ̀ tí omi inú rẹ̀ kò dára ló wọ inú kọ̀ǹpútà káàkiri àgbáyé, wọ́n sì máa ń wú lórí tàbí kí wọ́n máa jò. Mo ti ra ọ̀kan rí tí n kò ṣí ìdérí rẹ̀ wò nítorí pé ó tàn dáadáa lójú mi. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì, nígbà tí mo sì ṣí i, kàpásítọ̀ mẹ́rin ló ti wú lábẹ́ eruku. Láti ìgbà náà, n kì í ra kọ̀ǹpútà tí wọn kò bá jẹ́ kí n ṣí. Bátìrì CR2032 tó wà nínú rẹ̀ kò wọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé, torí pé bó bá ti kú, déètì á máa padà sẹ́yìn, ìyípadà sí IDE tí ẹ ṣe nínú BIOS sì lè sọnù pẹ̀lú rẹ̀, ojú búlúù á tún yọ.

Iná wa ń lọ ń bọ̀, jẹnẹrétọ̀ náà kì í sì í fún wa ní iná tó dúró sójú kan. UPS ni kó gba iwájú kọ̀ǹpútà yìí, nítorí pé irú rẹ̀ kò rọrùn rí mọ́.

Ìbéèrè: Ẹnìkan ní kí n fi XP sínú Windows tuntun bí ètò lásán, pé VirtualBox lè ṣe é. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni, XP máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa nínú rẹ̀ nítorí pé VirtualBox ń fi ẹ̀yà ayé àtijọ́ hàn án, láìka irú kọ̀ǹpútà tó wà lábẹ́ rẹ̀ sí. Bí ètò yín kò bá lo dongle, tí ẹ sì ń fi flash gbé iṣẹ́ ọnà lọ síbi ẹ̀rọ, èyí lè gbà yín lọ́wọ́ ríra kọ̀ǹpútà mìíràn. Dongle USB sábà máa ń gbà. Ti parallel kò ṣe é gbọ́kàn lé.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè so XP mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, kòkòrò kọ̀ǹpútà (virus) tí wọ́n ń pè ní WannaCry ti fáìlì àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ kárí ayé, ó sì ń béèrè owó ìtúsílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé Microsoft tún gbé àtúnṣe jáde fún XP tí wọ́n ti pa tì ní ọdún mẹ́ta ṣáájú. Èèyàn kò lè máa retí irú àánú bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Orí laptop tuntun yín ni kí ẹ ti máa gba iṣẹ́ oníbàárà, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fún kòkòrò, kí ẹ sì fi flash kan tí ẹ yà sọ́tọ̀ gbé fáìlì iṣẹ́ ọnà (DST) lọ sórí XP. FAT32 ni kí ìlànà tí wọ́n fi to inú flash náà jẹ́. XP kì í ka ìlànà exFAT àfi bí wọ́n bá fi àtúnṣe kún un.

Ìbéèrè: Wọ́n ní hard disk inú kọ̀ǹpútà mi tó kú ṣì dára. Ṣé mo lè yọ ọ́ sínú tòkunbọ̀ tí mo bá rà?

Ìdáhùn: Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí wọ́n tó pa á rẹ́. Bí tòkunbọ̀ náà bá jẹ́ irú kan náà gẹ́lẹ́ pẹ̀lú èyí tó kú, ó ṣeé ṣe kó tàn bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, pẹ̀lú ètò yín àti gbogbo iṣẹ́ ọnà tí ẹ ti yà láti ọdún pípẹ́. Bó bá jẹ́ irú mìíràn, ojú búlúù 7B lè tún yọ, torí pé driver mọ́dàbọ́ọ̀dù àtijọ́ ni XP tó wà lórí rẹ̀ mọ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó jáde lọ sọ́jà, ì báà ṣe ní Abẹ́òkúta níbí tàbí ní Ọ̀tìgbà ní Ìkẹjà, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà tó wà lára àpótí kọ̀ǹpútà tó kú sínú ìwé, irú rẹ̀ gan-an sì ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Kí ẹnikẹ́ni sì tó fọwọ́ kan hard disk yẹn, ẹ ní kí oníṣẹ́ fi ètò Clonezilla da gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kọ sórí disk mìíràn. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sílé, ẹ fi èkejì ṣiṣẹ́.