Dọ́là Márùn-ún Henry Ford Kì í Ṣe Ìtọrẹ Àánú

Ẹ̀yin oníléeṣẹ́, mo bẹ̀ yín, ẹ má tún gbé ìtàn Henry Ford wá bá oníṣirò owó lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ owó òṣìṣẹ́ di ìlọ́po méjì tán. Àwọn tó ń gbowó yín sọ̀rọ̀ ìwúrí lórí pèpéle ló ní Ford, oníléeṣẹ́ mọ́tò ará Amẹ́ríkà, fi kún owó àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 1914, tó fi di dọ́là márùn-ún lójúmọ́, kí wọ́n lè ra mọ́tò tó ń ṣe. Irọ́ ni, ìṣirò kò gbà á. Bíi 14,000 ènìyàn ló ń ṣiṣẹ́ fún un ní Highland Park, ní Michigan, mọ́tò tó sì ń jáde lọ́dún ju 200,000 lọ. Bí gbogbo wọn bá ra ẹyọ kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, kò lè ju méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ta ni yóò ra èyí tó kù?

Ìwé ìgbanisíṣẹ́, ìyẹn àkọsílẹ̀ iye àwọn tó ń gbà síṣẹ́, ló lé Ford débẹ̀. Lọ́dún 1913, wọ́n ṣètò kí iṣẹ́ máa rìn kọjá níwájú òṣìṣẹ́. Òṣìṣẹ́ dúró sójú kan, ó ń ṣe ohun kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣáàsì, ìyẹn férémù tí wọ́n ń to ara mọ́tò lé, tó ń gba wákàtí méjìlá àti ààbọ̀ tẹ́lẹ̀ di ohun tí wọ́n ń tò parí ní ìṣẹ́jú 93. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà sú ènìyàn, wọ́n ń já a sílẹ̀. Láti ní 14,000 lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún yẹn, wọ́n gba nǹkan bíi 52,000. Àyè kan ń jẹ ènìyàn bíi mẹ́rin lọ́dún! Bí ẹnì kan kò bá sì sí láàyè rẹ̀, gbogbo àwọn tó tẹ̀lé e ló máa dúró.

Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 1914, wọ́n kéde pé owó ojúmọ́ ti kúrò ní $2.34 fún wákàtí mẹ́sàn-án, ó di $5 fún mẹ́jọ. Ibi tí àwọn ẹlẹ́nu dídùn kì í kà rèé: $2.34 ṣì ni owó iṣẹ́, $2.66 tó kù jẹ́ ìpín nínú èrè. Ẹni tí kò bá tíì lo oṣù mẹ́fà kò ní gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọdún 22, àfi bó bá ń gbọ́ bùkátà ẹlòmíràn. Wọ́n ń rán olùyẹ̀wò lọ sílé òṣìṣẹ́ láti wádìí bó ṣe ń náwó àti bó bá ń mutí. Níbẹ̀rẹ̀, wọn kò ka obìnrin mọ́ ọn. Síbẹ̀, nígbà tó fi di 1915, àwọn tó ń lọ ti dín kù sí 16 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹ mú ìwé tiyín wá. Ẹ ka gbogbo ẹni tí ẹ gbà láàárín oṣù méjìlá, kí ẹ fi iye àyè iṣẹ́ pín in. Àyè 20, ẹni 30: ọ̀kan àti ààbọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣírò ohun tí ẹni tuntun kan ń ná yín: owó ọ̀sẹ̀ tí kò tíì mọ iṣẹ́, ọjà tó bàjẹ́, àkókò ẹni tó ń kọ́ ọ. Ẹ fi ìyẹn sọ 30 di púpọ̀. Bí kò bá tó àfikún tí ẹ fẹ́ san, ẹ má san án. Ẹni tó ń sọ pé àwọn aráyé ló ń lé òṣìṣẹ́ òun lọ, tó ń wá wòlíì kiri, kò tíì ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ má sì sáré kéde. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 1914, ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí Ford kéde, ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń wáṣẹ́ rọ́ sẹ́nu géètì Highland Park, iṣẹ́ kò kárí wọn, ìjà sì bẹ́. Omi páìpù panápaná ni wọ́n fi lé wọn, nínú òtútù líle.