ZIL-157 Kì Í Ṣe Àdàkọ Studebaker

Ọ̀pọ̀ ẹni tó bá rí ZIL-157, ọkọ̀ akẹ́rù ológun Sófíẹ́tì tí imú rẹ̀ gùn, tí gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà rẹ̀ sì ń fa, ló máa ń sọ pé Studebaker US6 ti Amẹ́ríkà ni wọ́n dà kọ. Ohun tó bí èrò yìí kò ṣòro láti mọ̀: lásìkò Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà kó Studebaker rẹpẹtẹ fún àwọn ọmọ ogun Sófíẹ́tì, orí rẹ̀ ni wọ́n sì gbé ọ̀pọ̀ Katyusha, ohun ìjà tó ń yin rọ́kẹ́ẹ̀tì, lé. Síbẹ̀, èrò náà kò tọ̀nà, ó sì ń gba oríyìn lọ́wọ́ àwọn tó ni iṣẹ́ wọn.

Ẹ́ńjìnnì ZIL-157, onísìlíńdà mẹ́fà oní-lítà 5.55, ti ara ẹ́ńjìnnì ZIS-5 wá, ọkọ̀ tí ilé-iṣẹ́ kan náà ní Moscow ti ń ṣe láti 1933, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ orúkọ US6. Amẹ́ríkà ni orísun ti ZIS-5 náà lóòótọ́, àmọ́ ọkọ̀ Autocar ni wọ́n wò ṣe AMO-3 tó ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe Studebaker. Ilé awakọ̀ ZIL-157 sì wá láti ara ZIS-150 ti 1947, tí ojú rẹ̀ jọ ti ọkọ̀ International ti Amẹ́ríkà.

Ohun tí Studebaker kọ́ wọn ni bí agbára ẹ́ńjìnnì ṣe ń dé ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn, èyí tí wọ́n lò fún ZIS-151, ọkọ̀ tó ṣáájú ZIL-157, ní 1948. Ọkọ̀ yẹn kò dára tó nínú ẹrẹ̀, nítorí pé táyà kọ̀ọ̀kan ló wà níwájú, tí ẹ̀yìn sì ní méjìméjì: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò lè tọ ipa tí ti iwájú ti là sílẹ̀, ó ní láti tún la tirẹ̀, ẹrẹ̀ a sì há sáàárín táyà méjèèjì. Lójú tèmi, àtúnṣe àbùkù yìí gan-an ló sọ ZIL-157 di ọkọ̀ tó dá dúró. Láti 1958, táyà ńlá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi sí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀, ti ẹ̀yìn ń tọ ipa ti iwájú, awakọ̀ sì lè dín atẹ́gùn inú táyà kù láti orí ìjókòó rẹ̀, kí táyà náà lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí iyanrìn tàbí yìnyín, kó sì tún fún atẹ́gùn sí i padà nígbà tó bá dé ojú títì, láìsọ̀kalẹ̀ rárá. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, DUKW tó ń rìn lórí omi, ti ní irú ẹ̀rọ yìí ṣáájú. Studebaker US6 kò ní in.