Nọ́ńbà tí kò gba pínpín: kí ni wọ́n ń pè ní prime?

Ojú méjìlá ló wà lára ọpọ́n ayò, ọmọ ayò mẹ́rin-mẹ́rin la sì ń kó sójú kọ̀ọ̀kan kí á tó ta á. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 48. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, níwájú ilé wa ní Òṣogbo, a kà á, a bá 47. Ọ̀kan ti sọnù. Àbúrò mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká tún un pín.” A pín in ní méjì-méjì, ọ̀kan ṣẹ́kù. Mẹ́ta-mẹ́ta, méjì ṣẹ́kù. Márùn-ún-márùn-ún, méjì ṣẹ́kù. Mo ní kó fi í sílẹ̀, 47 kò gba pínpín.

Prime gan-an nìyẹn: odidi nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí nǹkan kan kò lè pín láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. 2, 3, 5, 7, 11 àti 13 ló ṣíwájú wọn.

Ó bi mí pé báwo ni mo ṣe mọ̀ nígbà tí a ò tíì dán 7 tàbí 11 wò. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. Bí nọ́ńbà méjì bá máa bí 47, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ kéré sí 7, torí 7 lọ́nà 7 ti di 49. Ohun tí 2 kò bá sì lè pín, 4 àti 6 kò lè pín in. Nítorí náà, 2, 3 àti 5 ti tó wò.

48 ní tirẹ̀ jẹ́ composite, ìyẹn èyí tí a fi nọ́ńbà kéékèèké kọ́. Ì báà jẹ́ 6 lọ́nà 8 lo ti bẹ̀rẹ̀, ì báà jẹ́ 4 lọ́nà 12, bí o bá fọ́ ọ délẹ̀, 2 mẹ́rin àti 3 kan náà ni wàá bá: 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2 lọ́nà 3. Atùpà olójúmẹ́rìndínlógún tí wọ́n ń tàn nígbà ọdún Ọ̀ṣun, 2 mẹ́rin péré ló wà nínú 16 tirẹ̀. Ìdí nìyí tí 1 kì í fi í ṣe prime: bí a bá gbà á wọlé, èèyàn lè máa to 1 mọ́ ọn láìlópin, ọ̀nà tí a fi kọ́ 48 kò ní jẹ́ ẹyọ kan mọ́. 1 kì í sì í ṣe composite.

Euclid, ará Gíríìsì, ti fi hàn ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn pé prime kò lópin.

Àbúrò mi ṣa òkúta wẹ́wẹ́ kan wá, ó jù ú sójú ọpọ́n tó ku mẹ́ta. A bẹ̀rẹ̀ sí í ta ayò.