Agbára lè bá eléré ìdárayá sọdá, ojú kì í bá a lọ

Ìjiyàn kan wà tí kì í tán nílé ìwòran bọ́ọ̀lù. Bí agbábọ́ọ̀lù kan bá ti sáré já ẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀, ẹnìkan á ní, "Ká ní Usain Bolt ló ń gbá bọ́ọ̀lù ni, ta ni ì bá lè mú un?" Ẹlòmíràn á gbà á lẹ́nu rẹ̀, á ní LeBron James, agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ì bá jẹ́ aṣọ́lé tí bọ́ọ̀lù kankan ò ní kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni ìgbàgbọ́ pé ẹni tó bá ti dé góńgó nínú eré ìdárayá kan, ara rẹ̀ ti ju ti gbogbo ayé lọ, ibi yòówù kó wá kọjú sí, á dé góńgó níbẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, nítorí ó ń fojú iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún gbolẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ẹ̀bùn tí wọ́n kàn bí mọ́ èèyàn.

Ti Bolt kì í ṣe ohun tí a ń méfò lé mọ́, torí ọkùnrin náà dán an wò. Ọdún 2017 ló fẹ̀yìn tì nínú eré sísá. Lọ́dún 2018, ó bá Borussia Dortmund ṣe ìgbáradì ní Jámánì, ó dé ọ̀dọ̀ Strømsgodset ní Norway, ó sì wá kó lọ sí Australia, sọ́dọ̀ Central Coast Mariners. Nínú oṣù kẹwàá ọdún náà, ó gbá bọ́ọ̀lù méjì sáwọ̀n nínú ìdíje ọlọ́rẹ̀ẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́ kan, fídíò rẹ̀ sì káàkiri ayé. Nígbà tí oṣù kọkànlá wọlé, ó kúrò níbẹ̀, kò bá wọn tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kankan.

Ẹ wo bó ṣe máa ń sáré ná. Ní Berlin lọ́dún 2009, tó sá mítà 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá 9.58, ìṣísẹ̀ bíi 41 péré ló fi parí rẹ̀, ó sì ti kọjá mítà 60 kí ìyára rẹ̀ tó dé góńgó. Ọkùnrin tó ga tó mítà 1.95, ẹsẹ̀ gígùn rẹ̀ nílò àyè kó tó ṣí tán. Bọ́ọ̀lù kì í fún èèyàn ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Mítà mẹ́wàá, ó pọ̀ tán mítà ogún, o ti gbọ́dọ̀ dúró, kí o yí padà, kí o tún gbéra, bọ́ọ̀lù sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ, ẹnìkan sì ń fi èjìká gbún ọ. Láti ìgbà èwe ni Bolt ti ń sáré nínú ìlà tirẹ̀ nìkan, níbi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti fara kàn án.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ kọ́ ni ìṣòro tó tóbi jù. Ti Michael Jordan ló fi èyí hàn kedere.

Lọ́dún 1993, lẹ́yìn tó ti gba ife ẹ̀yẹ NBA lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, Jordan fi bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n sílẹ̀. Wọ́n ti pa bàbá rẹ̀ ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, béésìbọ́ọ̀lù sì ni bàbá náà ti fẹ́ kí ọmọ òun gbá tipẹ́, eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí ẹnìkan jù síni, kí wọ́n tó sáré lọ sí àwọn ibùdó tí wọ́n ń pè ní béèsì. Lọ́dún 1994, ó tọwọ́ bọ̀wé pẹ̀lú Chicago White Sox, wọ́n sì fi í sí ẹgbẹ́ Birmingham Barons ní Alabama, ìpele méjì nísàlẹ̀ líìgì ńlá. Ọmọ ọdún 31 ni, ara rẹ̀ sì le koko. Kò fi ṣeré rárá: ó ń ṣe ìgbáradì kí àwọn yòókù tó dé, ó tún ń ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti lọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Ìdíje 13 tẹ̀léra ni kò sí èyí tí kò ti fi igi gbá bọ́ọ̀lù kan ó kéré tán débi tó fi rí ẹsẹ̀ gbé dé béèsì. Àwọn tó ń jùkò bọ́ọ̀lù sí i wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Bí bọ́ọ̀lù bá ń bọ̀ tààrà, Jordan á bá a. Bí ó bá ń bọ̀ bí ẹni pé tààrà ni, tó wá wọ́ sísàlẹ̀ nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ló máa fi igi gbá. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju èyí tó ń wọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n máa parí, ó ti gbá ìdíje 127. Nínú ìgbà 436 tí wọ́n kà fún un nídìí igi, 88 ló yọrí sí rere. Ìgbà 114 ni wọ́n sì jù ú tán tó padà lọ jókòó. Wọ́n ń pè é ní .202, ìyẹn ni pé ó fi díẹ̀ lé ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́wàá. Ẹni tó bá ń rí mẹ́ta nínú mẹ́wàá ni wọ́n ń kà sí ògbóǹtarìgì.

Ẹ má sì gbójú fo èyí: nínú ọdún kan náà, Jordan jí béèsì 30, ìyẹn ni pé ó sáré gba béèsì tó kàn kí ẹni tó ń jù tó ríbi ta á pútú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ bá a sọdá. Fífò rẹ̀, okun rẹ̀, ìgboyà rẹ̀, gbogbo wọn bá a sọdá. Ohun tí kò bá a lọ ni ojú.

Bọ́ọ̀lù tó ń bọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 145 láàárín wákàtí kan kì í lò tó ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó débi igi. Nǹkan bí ìdajì àkókò kékeré yẹn ni ojú àti ọpọlọ máa ń lò kí ara tó lè mira rárá. Èyí túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ń wo bọ́ọ̀lù títí kó tó pinnu; kò sáyè. Ohun tí àwọn tó mọ̀ ọ́n gbá ń wò ni èjìká ẹni tó ń jù, ọrùn ọwọ́ rẹ̀, àti bí okùn pupa tí wọ́n fi rán bọ́ọ̀lù ṣe ń yí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti rí láti kékeré ló ń sọ fún wọn ibi tí èyí ń lọ. Jordan ti fi béésìbọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ìgbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ girama. Terry Francona tó kọ́ ọ ní Birmingham ti sọ ọ́ ní gbangba pé ká ní ó rí ẹgbẹ̀rún ààyè mìíràn nídìí igi ni, ì bá dé líìgì ńlá. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ náà nìyẹn: ojú ṣì kù tí kò tíì rí tó.

Ẹni tó bá rò pé Jordan ò kàn mọ eré náà ni, kó gbọ́ ti Jennie Finch. Obìnrin tó ti ju sọ́fítibọ́ọ̀lù, eré tó jọ béésìbọ́ọ̀lù, fún Amẹ́ríkà rí ni. Lọ́dún 2004, nínú eré kan tí wọ́n ṣe fún fàájì, ó kojú àwọn ọkùnrin tó ń gbá béésìbọ́ọ̀lù ní líìgì ńlá, Albert Pujols sì wà lára wọn, ọ̀kan lára àwọn tó mọ igi lò jù láyé. Bọ́ọ̀lù Finch tóbi ju tiwọn lọ, kò sì yára tó tiwọn. Ibi tó ti ń jù ú ló sún mọ́ wọn jù, nítorí náà àkókò tó fi ń dé ọ̀dọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú èyí tí wọ́n mọ̀. Pujols fi igi gbá afẹ́fẹ́ títí wọ́n fi ní kó máa lọ. Láti ìsàlẹ̀ ìbàdí ni Finch ti ń ju tirẹ̀, kò sì sí ohun kan nínú bí apá rẹ̀ ṣe ń yí tí ojú Pujols mọ̀ ọ́n kà. Eré méjì tó dà bí ọmọ ìyá nìyẹn o!

Àwọn onímọ̀ nípa ọpọlọ ti rí irú rẹ̀ níbi tí kò ti sí eré sísá rárá. Lọ́dún 1973, William Chase àti Herbert Simon fi pátákó ṣẹ́ẹ̀sì han ọ̀gá kan nínú ayò òyìnbó yẹn àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n tó o, fún ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n tò ó padà láti inú orí. Bí ó bá jẹ́ pé láti inú ìdíje gidi ni wọ́n ti mú títò náà, ọ̀gá á rántí rẹ̀ dáadáa ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ. Bí wọ́n bá kàn da àwọn ọmọ náà síbẹ̀ láìlétò, ọ̀gá kì í fi bẹ́ẹ̀ sàn ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ lọ. Ẹni tó bá mọ àwọn ọ̀tayò á mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ló rí: ó bojú wo ọ̀pọ́n lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ ilé tó máa jẹ, gbé dráàfù síwájú rẹ̀, á jókòó bíi tèmi tìrẹ.

Àwọn èèyàn wa á wá bi mí pé, Hakeem Olajuwon ńkọ́? Ìbéèrè tó dáa ni. Oṣù kìíní ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní Èkó. Oṣù kejì ọdún yẹn ni wọ́n bí Jordan. Ọdún 1984 kan náà ni àwọn méjèèjì wọ NBA, Olajuwon sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú, Jordan ṣe ẹnì kẹta. Nígbà tó wà nílé ẹ̀kọ́ ní Èkó, bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ló ń gbá, ó sì ń ṣọ́lé nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti tójú bọ́ dáadáa kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fi tirẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ tún un wò. Ọ̀dọ́ tó ṣì ń dàgbà ni nígbà náà, kò tíì di ọ̀gá nínú eré kankan tó máa wá fi sílẹ̀. Eré tó sì ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ohun tó máa wúlò: nínú bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá, ìṣísẹ̀ mẹ́ta péré lo lè gbé tí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ rẹ, nítorí náà wàá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi èjìká àti ẹsẹ̀ tan ẹni tó dúró níwájú jẹ. Láti inú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ sì ní ìjó ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dream Shake ti wá. Lẹ́yìn náà ló wá jókòó kọ́ṣẹ́. Ó dé yunifásítì ìlú Houston lọ́dún 1980, kò sì gbá ìdíje kankan ní ọdún àkọ́kọ́. Lásìkò ìsinmi, ilé ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní Fonde ló máa ń lọ, níbi tí Moses Malone, tó ti gba àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó peregedé jù ní NBA, ti máa ń gbún un káàkiri lábẹ́ àwọ̀n. Ọdún 1994 ló gba ife ẹ̀yẹ NBA àkọ́kọ́, ọdún kẹrìnlá lẹ́yìn tó dé Amẹ́ríkà. Ọdún tí Jordan wà ní Birmingham nìyẹn. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tó dí bọ́ọ̀lù tó 3,830 tí Olajuwon dí ní NBA.

Nínú eré ìjà náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Anthony Joshua, ọmọ Ṣàgámù, ti tó ọmọ ọdún 18 kó tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ó sì gba àmì-ẹ̀yẹ wúrà ní London lọ́dún 2012. Ó ti mójú ẹ̀ṣẹ́ dáadáa nígbà tí Francis Ngannou, tó ti jẹ́ ọ̀gá tẹ́lẹ̀ ní UFC, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀ṣẹ́, ìpá àti ìjàkadì jà pa pọ̀, wá bá a ní Riyadh lọ́dún 2024, ìpele kejì ni Joshua ti borí rẹ̀. James Toney tó jẹ́ akànṣẹ́ sọdá sí UFC lọ́dún 2010, Randy Couture fi í mọ́lẹ̀ ní ìpele àkọ́kọ́. Israel Adesanya tí wọ́n bí ní Èkó ṣe àṣeyọrí ńlá láti kickboxing, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá, dé UFC, torí ìjà tó ń jà tẹ́lẹ̀ wà nínú ìjà tuntun náà. Ìgbà tí Jan Błachowicz, tó wúwo jù ú lọ, gbé e ṣubú lọ́dún 2021 ló hàn pé ìjàkadì ò sí nínú èyí tó fi dàgbà.

Síbẹ̀ náà, ibì kan wà tí ìsọdá ti máa ń rọrùn: eré tí kò ti sí ẹni tó ń tàn ọ́ jẹ. Rebecca Romero gba àmì-ẹ̀yẹ fàdákà nínú wíwa ọkọ̀ ojú omi lọ́dún 2004, ó gba wúrà nínú gígun kẹ̀kẹ́ lọ́dún 2008. Ẹ̀dọ̀fóró àti itan ló ń ṣiṣẹ́ nínú méjèèjì. Christian Okoye, ọmọ Nàìjíríà tó ń ju díísíkọ́ọ̀sì, kọ́ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà nígbà tó ti di géńdé, lọ́dún 1989 kò sẹ́ni tó gbé bọ́ọ̀lù sáré jìnnà tó o ní NFL, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ kò ju kó gba bọ́ọ̀lù kó sì fi ara ńlá rẹ̀ la àárín èèyàn kọjá.

Èyí tó ya àlà náà kedere jù lójú mi ni eré bobsleigh, tí wọ́n ti ń sáré ti ọkọ̀ kan lórí yìnyín, tí wọ́n á wá fò wọ inú rẹ̀ kó máa já geere lọ sísàlẹ̀. Lauryn Williams, asáré mítà 100 ọmọ Amẹ́ríkà, kò tíì lo ọdún kan nínú rẹ̀ tó fi gba fàdákà ní Sochi lọ́dún 2014. Títì ni iṣẹ́ tirẹ̀. Elana Meyers, tó ti wà nídìí rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún, ló ń wà á. Lọ́dún 2018, Seun Adigun, tó ti bá Nàìjíríà sáré fo igi ní Olympics London, kó Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga lọ sí PyeongChang. Asáré ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọkọ̀ onígi tí Adigun kàn ní Houston ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì, wọ́n sì di ẹgbẹ́ bobsleigh àkọ́kọ́ láti Áfíríkà ní Olympics ìgbà òtútù. Adigun fúnra rẹ̀ ló wà á, láàárín àwọn awakọ̀ tó ti sọ̀kalẹ̀ lórí yìnyín lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n fi mọ kọ́nà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ló gbẹ̀yìn.