EQIP: owó ìrànwọ́ fún ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi oko ní Amẹ́ríkà

Environmental Quality Incentives Program, tí gbogbo èèyàn ń pè ní EQIP, jẹ́ ètò ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń bá àgbẹ̀ àti olùsìn ẹran gbé lára ìnáwó ìtọ́jú ilẹ̀ àti omi oko wọn. NRCS (Natural Resources Conservation Service), iléeṣẹ́ kan lábẹ́ USDA, ìyẹn iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀, ló ń darí rẹ̀.

Láàárín ọdún 1930 sí 1939, ọ̀dá mú gan-an ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Oklahoma, Kansas, Texas àti Colorado. Wọ́n ti fi katakata tú koríko tó di ilẹ̀ ibẹ̀ mú, ẹ̀fúùfù sì gbé erùpẹ̀ ojú oko lọ. Ìjì eruku sọ ọ̀sán dòru. Ní oṣù kẹrin ọdún 1935, òfin ìtọ́jú ilẹ̀ jáde, Hugh Hammond Bennett sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ iléeṣẹ́ tí òfin náà dá sílẹ̀. Iléeṣẹ́ yẹn náà ló di NRCS ní 1994. Òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ti 1996 ló bí EQIP, tó sì rọ́pò àwọn ètò àtijọ́ mélòó kan.

Oríṣiríṣi iṣẹ́ ni owó náà wà fún: rọ́bà tí ń kán omi sí ìdí ọ̀gbìn, igi adènà ẹ̀fúùfù, ọgbà tí kì í jẹ́ kí màlúù wọ odò. Níbi tí ọ̀gbàrá ti máa ń gba àárín oko kọjá, àgbẹ̀ lè gbẹ́ ojú ọ̀nà omi tó fẹ̀ tí kò jìn, kó gbin koríko sí i, kí omi lè ṣàn lọ láìgbé erùpẹ̀ dání. Ẹlòmíràn á gbin ọkà rye lẹ́yìn ìkórè àgbàdo, kí ilẹ̀ má bàa wà ní ìhòòhò nígbà òtútù.

Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ láìgba àṣẹ lè pàdánù owó iṣẹ́ náà. Ẹ̀yìn tí òṣìṣẹ́ NRCS bá ti rí i pé iṣẹ́ náà bá ìlànà mu ni owó ń jáde, kì í sì í sábà ju ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n dá lé iṣẹ́ náà lọ. Ibí gan-an ni bàtà ti ń ta àgbẹ̀ kékeré lẹ́sẹ̀, torí ẹni tí kò lówó lọ́wọ́ kò lè kọ́kọ́ náwó kó tó gbà á padà.

Nítorí èyí, òfin iṣẹ́ àgbẹ̀ ti 2018 fàyè gba àgbẹ̀ tuntun, aláìlówó àti ológun tó ti fẹ̀yìn tì láti gba ó kéré tán ìdajì owó náà ṣáájú, kí wọ́n fi ra ohun èlò. Ìpín tí ìjọba ń san fún wọn lè tó ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún iye iṣẹ́ náà. Owó tí wọn kò bá ná láàárín àádọ́rùn-ún ọjọ́, wọ́n á dá a padà.

Ní 2022, òfin Inflation Reduction Act fi 8.45 bílíọ̀nù dọ́là kún owó EQIP. Síbẹ̀, àwọn tó ń bèèrè ń pọ̀ ju àwọn tó ń rí gbà lọ, torí náà NRCS ń fún ìwé ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ní máàkì, èyí tó bá gba máàkì jù ló ń rí owó.

Ìwé ilẹ̀ tún jẹ́ ìdènà fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní ìhà gúúsù Amẹ́ríkà. Bàbá ńlá wọn kú láìkọ ìwé ìhágún, ilẹ̀ náà di ti ẹbí, kò sì sí orúkọ ẹnì kan pàtó lórí rẹ̀. Láìsí ẹ̀rí pé ẹni náà ló ń lo ilẹ̀, USDA kì í fún un ní nọ́ńbà oko, bẹ́ẹ̀ EQIP kò ṣeé bèèrè láìsí nọ́ńbà náà. Òfin 2018 ti wá jẹ́ kí irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè mú ẹ̀rí mìíràn wá.