Nọ́ńbà Fóònù Tí Ẹ Bò Kò Tíì Kúrò Níbẹ̀

Ìgbà kẹta rèé lọ́dún yìí tí alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú kan ní ilẹ̀ Òkun yóò wá bá mi ní Kàbà, pé kí n bá àwọn tún àyè ìdásí ọ̀rọ̀ orí ojú òpó àwọn ṣe. Ohun kan náà ni mo bá lórí gbogbo wọn: ẹni tó kàn fẹ́ kọ gbólóhùn kan nípa tiransifọ́mà tó jóná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi orúkọ ní kíkún, nọ́ńbà fóònù, ọjọ́ ìbí, agbo ilé àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá béèrè ìdí, wọn a ní kí àwọn lè mọ ọmọ ìlú ni. Ẹ jọ̀wọ́, ọjọ́ ìbí kò sọ ẹnikẹ́ni di ọmọ Ìsánlú. Orúkọ tí ènìyàn fẹ́ kí a máa pe òun àti ímeèlì kan tí kò ní hàn sí ẹnikẹ́ni ti tó. Kí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ lè tún un ṣe, kí ó lè pa á rẹ́, kí ó sì gbọ́ nígbà tí wọ́n bá fèsì: ìwọ̀nyí kò le, ọmọ iṣẹ́ mi á parí wọn láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tó ń dùn mí ni èyí tí ojú kò rí. Nígbà tí fóònù yín bá ṣí ojú ewé kan, sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí ojú òpó náà wà lórí rẹ̀, á kó dátà, ìyẹn ìsọfúnni tó wà nípamọ́ níbẹ̀, ránṣẹ́ sí i, lẹ́yìn náà ni ètò inú ojú ewé náà á ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu èyí tí yóò hàn àti èyí tí yóò fara pamọ́. Ẹni tó kọ ojú òpó alága kẹta yìí pàṣẹ pé kí nọ́ńbà fóònù má ṣe hàn, ó gba owó rẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Lójú alága ni mo tẹ Ctrl àti U pa pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà mi, tí kóòdù ojú ewé náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka nọ́ńbà àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò já ọ̀rọ̀ ìwọlé kankan, n kò sì lo ọgbọ́n kankan tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kò lè lò. Bí nọ́ńbà kò bá gbọdọ̀ hàn, sáfà kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ rárá: orúkọ, ọ̀rọ̀ àti àkókò nìkan ni kí ó kó jáde. Àwòrán tí ènìyàn fi mọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ náà ńkọ́? Àwòrán tí a fi fóònù yà lè gbé ibi tí a ti yà á pamọ́ sínú, títí kan ojúlé ẹni, nítorí náà sáfà ni kí ó yọ ọ́ kúrò kí ẹnikẹ́ni tó rí i.

Àwọn ayédèrú oníṣẹ́ á máa sọ fún yín pé àmì àgádágodo tó wà lókè ti dáàbò bo gbogbo rẹ̀. Irọ́ ni. Ojú ọ̀nà láàárín fóònù yín àti sáfà ni àgádágodo yẹn ń ṣọ́, kò kan ohun tí sáfà fúnra rẹ̀ ń kó fún àlejò. Irú ìgbàgbọ́ asán bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tí àwọn ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ Facebook, pé àwọn kò fún ilé iṣẹ́ náà láṣẹ láti lo àwòrán àwọn, bí ẹni pé kò sí àdéhùn tí wọ́n ti gbà lọ́jọ́ tí wọ́n forúkọ sílẹ̀. Òfin ààbò dátà tí a buwọ́ lù ní Nàìjíríà ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023 kò gba kí a kó ju ohun tí iṣẹ́ nílò lọ. Bí dátà bá sì jò lọ́nà tó lè ṣe àwọn tó ni ín ní jàǹbá, wákàtí 72 péré ni a ní láti fi tó àjọ tó ń bójú tó o létí.

Kì í ṣe òfin ló gbé alága wá sọ́dọ̀ mi o. Kí wọ́n tó bo nọ́ńbà wọ̀nyẹn, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ síbẹ̀, nítorí pé ara ọmọ rẹ̀ yá ní ilé ìwòsàn kan ní Lọ́kọ́jà. Ó dárúkọ ọmọ náà, ó dárúkọ àìsàn náà, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Ẹnìkan pè é lálẹ́, ó ní dókítà ni òun, pé àìsàn náà ti padà dé, pé owó oògùn gbọ́dọ̀ wọlé kí ilẹ̀ tó mọ́. Màmá kó gbogbo owó ìfẹ̀yìntì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ ránṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ fi ní kí wọ́n yọ nọ́ńbà kúrò, tí oníṣẹ́ yẹn sì fi aṣọ bò ó.

Lọ́jọ́ tí mo ń ka nọ́ńbà sí alága létí, ti màmá náà ni ìkẹrin.